Ṣé èèyàn lè máa sùn nínú bóòtì l'Ékòó? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó náwó lé e

Lọ́dún 2023, nígbà táwọn èèyàn rí i nínú àfikún bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ pé wọ́n fẹ́ ná owó tó lé ní bílíọ̀nù 5 náírà lórí yacht Ààrẹ, kò sẹ́ni tí ò pariwo, láti Ojúẹlẹ́gba títí dé orí Twitter. Àwọn aṣòfin yọ owó náà kúrò níbẹ̀, wọ́n fi kún owó ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àtìgbà yẹn ló ti jẹ́ pé téèyàn bá ti sọ pé "bóòtì tó ní yàrá nínú", ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni owó ìjọba, ọtí olówó ńlá àti fọ́tò Instagram ní etíkun Ìlàṣẹ.

Irú ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Bóòtì kékeré ni tèmi, èyí tí gígùn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà 21 sí bíi 28, tí wọ́n fi fáíbà ṣe, tó ní ẹ́ńjìnnì kan tàbí méjì lẹ́yìn, tó wá ní yàrá kóńkóló kan níwájú tí èèyàn méjì lè nà sí. Òyìnbó ń pè é ní cabin cruiser. Èmi á kàn máa pè é ní bóòtì oníyàrá. Téèyàn bá ga bíi tèmi, kò lè nàró nínú ọ̀pọ̀ wọn, ṣe ló máa tẹ̀ bíi ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sábẹ́ tábìlì.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ ni pé àwọn àbúrò wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba ń bi mí léèrè lemọ́lemọ́. Owó ilé ti gòkè, àgẹ́ńtì ń gba tiẹ̀, lọ́yà ń gba tiẹ̀, lánlọ́ọ̀dù ń béèrè owó ọdún méjì. Wọ́n wá ń wo fídíò àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní, ṣebí omi ló kún abẹ́ Third Mainland Bridge yẹn, ṣé èèyàn ò lè ra bóòtì kó máa sùn síbẹ̀ ni?

Kí n tó lọ jìnnà, ìdáhùn mi rèé. Èèyàn lè sùn nínú bóòtì l'Ékòó, èmi náà ti sùn nínú ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ìbẹ̀rù ibẹ̀ ṣeé borí. Àmọ́ èèyàn ò lè fi í sá fún lánlọ́ọ̀dù. Ohun kan tún wà tó lè pa ẹni tó sùn sínú ẹ̀ lóru, tí ò ní í jẹ́ kó tiẹ̀ ta pútú, ìyẹn sì kọ́ ni omi tí gbogbo wa ń bẹ̀rù. Èéfín ni. Màá dé orí ìyẹn.

Àwọn tó ti ń sùn lórí omi tipẹ́

Àwọn kan á sọ pé sísùn lórí omi kì í ṣe àṣà wa. Àwọn yẹn ò tíì wo Mákòókó dáadáa nìyẹn. Téèyàn bá gba Adékúnlé ní Yaba gun Third Mainland Bridge, tí Ọ̀gágun Babangida ṣí lọ́dún 1990, ó máa rí àwọn ilé onípákó tó dúró sórí òpó nínú ọ̀sà. Àwọn Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ ló pọ̀ níbẹ̀. Apẹja ni wọ́n, ọmọ wọn kékeré ti mọ bí wọ́n ṣe ń tukọ̀ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ABD. Ganvié náà rí bẹ́ẹ̀ lórílẹ̀-èdè Benin, lórí adágún Nokoué.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Orí òpó ni ilé Mákòókó wà, kò léfòó. Ilé orí òpó kì í rìn lọ tí okùn bá já. Ohun tó bá ń léfòó ló máa ń fẹ́ ìtọ́jú lójoojúmọ́. Ẹ rántí ilé ìwé tó ń léfòó tí Kúnlé Adéyẹmí, ẹni tó máa ń ya àwòrán ilé, kọ́ sí Mákòókó lọ́dún 2013. Orí àwọn dúrọ́ọ̀mù oníke ni wọ́n gbé e lé. Gbogbo ayé ló gbóríyìn fún un, àní irú ẹ̀ kejì tí wọ́n gbé lọ sí Venice ní Ítálì gba àmì ẹ̀yẹ lọ́dún 2016. Ọdún yẹn gan-an, nínú oṣù kẹfà, òjò ńlá kan rọ̀, ti Mákòókó sì wó sínú omi. A dúpẹ́ pé kò sí ọmọ ilé ìwé kankan nínú ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó tún yẹ kí n sọ eléyìí. Fún àwa tá à ń ra bóòtì, fàájì ni sísùn lórí omi. Fún àwọn ará Mákòókó, ilé wọn ni. Nínú oṣù keje ọdún 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún wọn ní wákàtí 72 pé kí wọ́n kó ẹrù wọn, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń gbé bóòtì funfun yín kọjá níwájú wọn, ẹ dín eré kù. Ìgbì tí ẹ́ńjìnnì yín bá dá sílẹ̀, abẹ́ ilé ẹnì kan ló ń lọ.

Owó ẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Tòkunbọ̀ ló pọ̀ nínú àwọn bóòtì oníyàrá tẹ́ ẹ máa rí. Mi ò ní dárúkọ iye kankan, torí dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, iye tí mo bá kọ láàárọ̀ yìí lè ti di ìtàn kó tó dọ̀la. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà ni pé owó tẹ́ ẹ fi rà á kọ́ ló máa dùn yín jù. Owó epo àti owó mẹkáníìkì ni.

Ẹ gbọ́ ìṣirò yìí. Ẹ́ńjìnnì 115 horsepower, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dópin, lè mu tó lítà 40 bẹntiróòlù ní wákàtí kan. Kí ìrànwọ́ orí epo tó kúrò nínú oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan ò tó 200 náírà ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí. Ká ní 900 náírà lẹ ń rà á báyìí, ẹgbẹ̀rún 36 náírà nìyẹn fún wákàtí kan ṣoṣo, ẹ ò sì lọ sí Dubai, Ìlàṣẹ lẹ lọ. Ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ sùn nínú bóòtì ò nílò eré sísá. Tẹ́ ẹ bá rọra ń rìn bí ẹni tó ń gbatẹ́gùn, epo tó máa jẹ ò ní tó ìdá mẹ́rin ìyẹn.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wo bóòtì, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ kejì òjò ńlá. Tí oòrùn bá ń ràn, gbogbo bóòtì ló máa ń dára. Ẹ ṣí pákó ilẹ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí omi máa ń gbára jọ sí. Omi díẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ omi tó ní epo lójú, tàbí tó ti fi àmì sí ara ògiri, ìtàn tí ẹni tó ń tà á ò ní sọ fún yín nìyẹn. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ orí ẹ̀ káàkiri. Níbi tó bá ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, pákó tó wà láàárín fáíbà ti jẹrà. Kẹ́ ẹ wá bọ́ bàtà, ẹ wọ inú yàrá náà, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ sùn sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra bóòtì láì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ rí, tí wọ́n á wá délé rí i pé ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ń jà níbi tó ti rí ṣóńṣó níwájú.

Mẹkáníìkì tó mọ Yamaha dáadáa ni kẹ́ ẹ mú dání, ìyẹn ló pọ̀ jù lórí omi wa, ohun èlò ẹ̀ sì rọrùn láti rí. Ẹ́ńjìnnì àjèjì tó dára lè sọ bóòtì yín di ohun ọ̀ṣọ́ fún oṣù mẹ́fà nítorí nǹkan kékeré kan tí kò ju ìka lọ.

Ibo lẹ fẹ́ so ó mọ́?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le fún àwa ará Mainland. Surulere àti Mushin ò ní ju kánààlì lọ, kò sì sẹ́ni tó máa so bóòtì mọ́ kánààlì Ìtirẹ̀. Apá ibi tí Mainland ti kan ọ̀sà ni Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, Òkòbàbà, Mákòókó, ẹ̀yìn UNILAG ní Akoka, Bàrígà lọ́wọ́ Ìlàjẹ, títí dé Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí. Àwọn apẹja àti àwọn tó ń wa yanrìn ló ni iṣẹ́ níbẹ̀. Gẹdú tí wọ́n ń fà lórí omi máa ń já bọ́ nígbà míì, á wá fara pamọ́ díẹ̀ sábẹ́ omi. Bóòtì fáíbà tó bá fi eré gbá a, ó di kí wọ́n máa fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀, gbogbo ẹni tó ń gba afárá lọ síbi iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n.

Ibi tí wọ́n ti ń so bóòtì aládàáni mọ́lẹ̀ dáadáa, apá Ikoyi, Victoria Island àti Lekki ló pọ̀ sí. Lagos Yacht Club ti wà láti ọdún 1932, Lagos Motor Boat Club náà wà ní Ikoyi, àmọ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n, èèyàn ní láti di ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn èbúté kéékèèké tí ẹnì kan ṣoṣo ni náà wà tó ń gba owó oṣooṣù. Èbúté ìjọba ní tiwọn, èrò ni wọ́n fi ń kó, wọn kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ máa gbọ́kọ̀ sí mọ́jú. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń gbé Surulere, tó ń sá fún gosiló, gosiló náà ló máa gbà kọjá kó tó dé ìdí bóòtì ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ní èyí tí mo sùn nínú ẹ̀, Adéníran Ògúnsànyà ló ń gbé, apá Lekki ni bóòtì ẹ̀ wà. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, aago márùn-ún àárọ̀ ló máa ń gbé ẹrù sínú mọ́tò, láti ibi iṣẹ́ ló ti máa ń lọ tààrà.

Nípa ìwé: ìjà wà láàárín ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ẹni tó láṣẹ lórí omi. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a pé NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló ni àṣẹ lórí àwọn ojú omi tí ọkọ̀ ń gbà láàárín ìlú. LASWA, tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2008, ṣì wà lórí omi, ẹ ṣì máa bá wọn pàdé. Ọ̀dọ̀ NIWA ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ béèrè ìwé, kẹ́ ẹ sì béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó bóòtì, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀.

Oru àkọ́kọ́

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ra bóòtì oníyàrá ni kì í sùn nínú ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n á pe ọ̀rẹ́, wọ́n á ra ẹran súyà, wọ́n á gbé bóòtì jìnnà sí ilẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á sọ ìdákọ̀ró sómi. Tó bá di aago kan òru, gbogbo wọn á ti jókòó síta, tí wọ́n ń wojú ara wọn.

Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ṣe é ló dáa. Ọ̀sán ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó lọ síbẹ̀ ní Sátidé mẹ́ta tẹ̀ léra, bóòtì wà ní síso mọ́ èbúté, ó jẹun nínú ẹ̀, ó ka ìwé, ó rẹjú díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ara ti mọ ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn náà ló wá sùn mọ́jú, okùn ṣì wà lára èbúté, tí kò gba ju kó fo ìgbésẹ̀ kan kó fi bọ́ sórí ilẹ̀. Lẹ́yìn bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin irú ẹ̀ ló tó gbé e lọ sọ ìdákọ̀ró, níbi tí wọ́n ṣì ti lè rí iná èbúté. Èmi náà dara pọ̀ mọ́ ọn nígbà ọyẹ́, nígbà tí ọ̀sà máa ń dákẹ́.

Ariwo ló máa ń lé oorun lọ. Lójú ọ̀sán, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Lóru, omi á máa gbá ìsàlẹ̀ bóòtì pẹ̀pẹ̀pẹ̀ lábẹ́ orí yín gan-an, okùn á máa han bíi ilẹ̀kùn tí wọn ò ta epo sí, nǹkan á máa ta pàù-pàù lábẹ́ omi bíi àgbàdo tó ń yọ nínú yanrìn gbígbóná. Edé àti àwọn nǹkan kéékèèké inú ọ̀sà ló ń ṣe ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni páńpù tó ń fa omi jáde nísàlẹ̀ bóòtì á ṣàdédé ké fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé bóòtì ń rì. Baba Ìlàjẹ kan tó ń ṣọ́ èbúté níbẹ̀ ló la ọ̀rọ̀ náà yé wa: ó ní ká má ṣe máa fetí sí ariwo, ká fetí sí ìyípadà. Èyí tó bá ń dún bó ṣe ń dún látàárọ̀ ò lọ́rọ̀ sọ. Èyí tó bá yí ohùn padà, tàbí tó dákẹ́ lójijì, ìyẹn la máa dìde fún. Mo ti sùn dáadáa látọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ní ti páńpù, ẹ ka iye ìgbà tó ké mọ́jú. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́ àná, tó wá di ẹ̀ẹ̀mẹfà lónìí, ẹ wá ibi tí omi ń gbà wọlé kẹ́ ẹ tó mu tíì.

Ẹ rántí pé omi ọ̀sà apá ibẹ̀ máa ń kún, ó máa ń fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, torí ẹnu òkun ò jìnnà sí i. Tẹ́ ẹ bá so okùn le pinpin nígbà tí omi kún, tó bá fà tán, bóòtì á fi okùn kọ́ sára èbúté, á wá dagun. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ nínú okùn, kẹ́ ẹ sì jí wò ó lẹ́ẹ̀kan lóru títí tẹ́ ẹ fi máa mọ ìwọ̀n ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdákọ̀ró ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú kéré. Wọ́n rò pé irin náà ló ń dá bóòtì dúró. Gígùn okùn ẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, torí ó gbọ́dọ̀ fa irin náà ní ìbú kó lè wọ inú ẹrẹ̀. Ẹ wọn jíjìn omi, ẹ fi gíga iwájú bóòtì sí omi kún un, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, tàbí méje tí afẹ́fẹ́ bá wà. Tí omi bá jìn tó mítà mẹ́ta, tí iwájú bóòtì sì ga ní mítà kan, mítà 20 sí 28 lẹ máa tú sílẹ̀. Ẹrẹ̀ rírọ̀ ló pọ̀ nísàlẹ̀ ọ̀sà wa, ìdákọ̀ró tó ní abẹ́ pẹlẹbẹ ló ń mú un jù. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́, ẹ fi ẹ́ńjìnnì fà sẹ́yìn díẹ̀, ẹ mú nǹkan méjì lójú lórí ilẹ̀, bíi òpó iná àti ilé gogoro kan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ̀ ń kúrò níbi tẹ́ ẹ wà. Fóònù náà lè ṣe é, GPS wà nínú ẹ̀.

Kẹ́ ẹ wá tan iná funfun kan tí wọ́n lè rí yí ká, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ìjọba ò gba ọkọ̀ akérò láyè láti rìn lóru, àmọ́ apẹja ń rìn, ọkọ̀ yanrìn ń rìn, òmíràn ò sì ní iná kankan lára. Iná tiyín nìkan ló máa gbà yín.

Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, láti bíi oṣù kẹta, àti ìgbà tó bá ń parí, ni ìjì òjijì máa ń pọ̀. Tí ìlà oòrùn bá ṣú dùdù, tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́ lójijì, ẹ má sọ ìdákọ̀ró lálẹ́ yẹn. Ẹ lọ so mọ́ èbúté.

Ọ̀rọ̀ èéfín

Gbogbo wa la ti gbọ́ ìròyìn ìdílé tí wọ́n bá lówùúrọ̀, bàbá, ìyá, ọmọ, gbogbo wọn ti kú, jẹnẹrétọ̀ wà ní kọ́rídọ̀. Èmi náà ti kọ irú ìròyìn yẹn, kò sì sí èyí tó rọrùn láti kọ. Gáàsì carbon monoxide ló ń ṣe é. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹ wá ro yàrá ilé yín wò ní Mushin, pẹ̀lú fèrèsé àti àjà gíga. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ro yàrá bóòtì tí ò ju inú dánfó lọ, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa nítorí ẹ̀fọn. Ohun tó máa gba wákàtí nílé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà níbẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé jẹnẹrétọ̀ ò ní láti wà nínú yàrá kó tó pa yín. Wọ́n á gbé "I better pass my neighbour" sẹ́yìn bóòtì níta gbangba, wọ́n á ní ṣebí afẹ́fẹ́ wà. Afẹ́fẹ́ yẹn náà ló máa gbé èéfín yí padà wọnú yàrá láti ẹ̀yìn. Jẹnẹrétọ̀ bóòtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín náà lè ṣe é. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ lójú kan lè ṣe é. Èédú tí wọ́n fi yan ẹja, tí wọ́n wá gbé wọlé nítorí òjò, ìyẹn tún burú jù. Àmì ẹ̀ ni orí fífọ́, òòyì, èébì, kára máa rẹ èèyàn. L'Ékòó, ibà ni wọ́n máa pè é, tàbí ọtí. Téèyàn méjì bá ṣàdédé ní orí fífọ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú bóòtì, ẹ jáde síta lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà lẹ tó lè máa jiyàn.

Ní Britain, láti oṣù kẹrin ọdún 2019 ni òfin ààbò àwọn ọkọ̀ inú odò wọn ti sọ pé bóòtì tó bá ní ibi téèyàn lè sùn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń ké tí gáàsì yìí bá wà nínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ náà ò tóbi ju páálí ọṣẹ lọ, ẹ lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo lẹ máa rántí nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, ẹ rántí eléyìí. Ẹ rà á kẹ́ ẹ tó ra fìrísà, kẹ́ ẹ tó ra spíkà.

Ọ̀rọ̀ ooru ló ń sún èèyàn dé ìdí jẹnẹrétọ̀. Wọ́n fẹ́ A/C. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bíi oní-inverter. Bátìrì 12 volts tó jẹ́ 100Ah, oní-lẹ́ẹ̀dì, ní bíi 1,200 watt-hour nínú, àmọ́ ìdajì péré lẹ lè lò kó má bàa tètè bàjẹ́, 600 nìyẹn. Fáànù kékeré oní 20 watt, tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ, 160 ló máa jẹ. Fóònù méjì àti gílóòbù kékeré ò tó 60. Bátìrì kan ṣoṣo ti tó fún oru kan, á tún ṣẹ́kù fún páńpù. A/C kékeré oní 500 watt fún wákàtí mẹ́jọ kan náà máa jẹ 4,000. Ẹ rí i pé kò bára mu. Fáànù méjì, fèrèsé òkè tó ṣí, àti sólà lórí fún ọ̀sán, ìyẹn lo máa jẹ́ kẹ́ ẹ jí láyé.

Gáàsì ìdáná náà ń kọ́? Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó bá ń jò, ìsàlẹ̀ bóòtì ló máa lọ kóra jọ sí, bí èéfín bẹntiróòlù náà ṣe ń ṣe. Ẹ gbé sílíńdà sí ìta. Tí ẹ́ńjìnnì yín bá wà nínú ikùn bóòtì, ẹ tan fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́rin kẹ́ ẹ tó ṣáná sí i.

Ẹ̀fọn, ìgbọ̀nsẹ̀ àti ewé

Ẹ má tan ara yín pé ẹ̀fọn ò sí lórí omi tó níyọ̀. Ẹ̀fọn ibà kan wà ní etíkun wa tó jẹ́ pé inú omi oníyọ̀ díẹ̀ gan-an ló ń pamọ sí. Ẹ ran nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé àti ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ fi pákó tín-tìn-tín sábẹ́ fóòmù kí afẹ́fẹ́ máa gba abẹ́ ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà òjò á hu funfun láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìgbọ̀nsẹ̀: ọ̀sà wa ti gbé tó. Ẹ lo ṣáláńgá kékeré oníke tó ní táǹkì, kẹ́ ẹ gbé e lọ dà nù sórí ilẹ̀.

Ewé tó ní òdòdó elésè-àlùkò yẹn, water hyacinth, kì í ṣe ojúoró tá à ń fi ṣàdúrà. Àjèjì ni. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lápá Badagry. Omi òjò ló ń gbé e dé, iyọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa á. Nígbà tó bá pọ̀, ó máa ń wé mọ́ páńkà ẹ́ńjìnnì, ó máa ń dí ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mu omi, ẹ́ńjìnnì á wá gbóná. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó tẹ́ rẹrẹ níwájú, ẹ yà bàrá, ẹ má là á kọjá.

Ṣé ó lè rọ́pò ilé?

Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tẹ́ ẹ̀ ń wò lórí fídíò yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ni ò ní ibi tí wọ́n so ọkọ̀ mọ́. Òfin ọdún 1995 wọn ló sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ dúró lójú kan ju ọjọ́ 14 lọ, nítorí náà wọ́n ń ṣí kiri ni, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Síbẹ̀, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, tí wọ́n ti ń da ìgbọ̀nsẹ̀ nù lẹ́bàá odò. A ò ní ìyẹn. Ẹni tó bá fi ilé Yaba sílẹ̀ lọ gbé inú bóòtì l'Ékòó máa san owó èbúté, owó ẹ̀ṣọ́ torí olè tó ń jí ẹ́ńjìnnì Yamaha tú, owó mẹkáníìkì, owó kíkun abẹ́ ẹ̀. Kó tó mọ̀, owó lánlọ́ọ̀dù ti pé. Aṣọ ọ́fíìsì ẹ̀ á sì máa rùn bíi àpò tí òjò pa.

Oru méjì lọ́sẹ̀ ni mo rò pé ó dáa. Jímọ̀ àti Sátidé. Àwọn mẹ́rin mẹ́rin tó da owó pọ̀ ra ẹyọ kan náà wà, tí wọ́n ń pín òpin ọ̀sẹ̀ láàárín ara wọn, ìyẹn tiẹ̀ bọ́gbọ́n mu ju kẹ́nì kan ṣoṣo dá a rù, tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó máa tún un ṣe tó bá bàjẹ́.

Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, kó lọ kọ́ ọ kó tó sùn nínú bóòtì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gan-an, kó wọ life jacket tó bá fẹ́ jáde síta lóru láti lọ tọ̀, torí ìgbà yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ máa ń yọ̀, tí kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Kẹ́ ẹ tó kúrò lórí ilẹ̀, ẹ fi ibi tẹ́ ẹ fẹ́ sùn àti aago tẹ́ ẹ máa padà ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí WhatsApp, ẹni tó máa ń gbé fóònù láàárọ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ èbúté. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 767 tàbí 112. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri yàrá bóòtì, nítorí ẹni tí kì í ṣe oníbóòtì ló lè di dandan kó pè é.